Ẹni Tó Ń Gòkè Ló Ni Ọ̀nà

"Màmá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni, Didar?" Nigar ti ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ àárín ọmú. "Wá mú un níbẹ̀. Ṣebí ibẹ̀ lo ti jẹun rí."

Didar wolẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá rẹ̀ fi jíìpù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kọ lu ògiri aládùúgbò. Nigar kò jiyàn: ewúrẹ́ kan tó gun orí igi ló ń wò, ló bá ń rẹ́rìn-ín lọ bá ògiri. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti fẹnu kò pé ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́.

"Lọ́dọọdún tí ewé bá ti pọ́n, mo máa ń wakọ̀ gòkè Duikar," ó ní. "Jókòó tì mí. Bí ohunkóhun bá ha ọkọ̀ yìí lára ká tó dé òkè, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ."

Ó rọ́ ìdí sáàárín àga. "Àga yìí ló ń kéré sí i o, kì í ṣe èmi ni mo ń tóbi."

Bí wọ́n ti gbéra ló yí gíláàsì sílẹ̀. Atẹ́gùn tútù rọ́ wọlé, tòun ti òórùn ewé gbígbẹ àti èéfín igi. Àwọn igi pópúlà tò lọ lẹ́bàá omi, wọ́n pọ́n bíi pupa ẹyin. Igi àpríkọ́tì ní tiwọn ń jó bí iná lórí ebè òkúta. Lókè pátápátá, yìnyín funfun báláú. Ewé ń dún pàràpàrà lábẹ́ táyà. Àwọn obìnrin tó ń gbá ewé sínú apẹ̀rẹ̀ fún màlúù nàró.

"Nigar! O ò tíì gbélé?"

"Ilé ò gbà mí!" Ó tẹ fèrè fún wọn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Níbi kọ́nà tóóró kan, ọkọ̀ funfun ńlá ń bọ̀ láti òkè. Àfonífojì wà lápá kan, àpáta wà lápá kejì. Ọ̀dọ́kùnrin àlejò láti ìlú ńlá yọrí síta.

"Ìyá àgbà, ẹ padà sẹ́yìn!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà," Didar sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹni tó ń gòkè ló ni ọ̀nà. Ẹni tó ń sọ̀ ló ń fà sẹ́yìn. Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?" Nigar ké sí àlejò náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó da tíì láti inú fúláàsì rẹ̀ sínú ife, ó ń mu ún fùrùù. Àlejò tẹ fèrè, ó tún un tẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" ni Nigar pariwo. "Ewé kù lórí igi tí kò tíì jábọ́!"

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bò ó. "Ìyá àgbà, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn lórí òkè."

"Hẹn-ẹn! O ò bá ti tètè wí."

Ó gbé ife fún Didar, ó gun ọkọ̀ ńlá náà. "Èyí gba ìdí mi o!" Ó fà á sẹ́yìn yípo kọ́nà, títí dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀, táyà kò kan òkúta kan. Ó fẹsẹ̀ rìn padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní Duikar, gbogbo àfonífojì Hunza tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bíi wúrà. Nigar yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Lọ wo ara ọkọ̀."

Didar yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ibi tí ògiri ti ha á lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan ló rí. Kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó padà sórí àga tó ti jókòó tẹ́lẹ̀, ó sì yí gíláàsì tirẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, tá a bá ń sọ̀, tí ẹnì kan bá ń gòkè ńkọ́?"

"Èmi ni n ó fà sẹ́yìn," ni Nigar wí, ó ṣáná sí ọkọ̀. "Ṣebí mo mọ̀ ọ́n ṣe."