Ohùn Yẹ́misí Kò Sí Nínú Orin

"Ohùn mi kò sí níbẹ̀," ni Yẹ́misí wí. Ó yọ íápíìsì létí, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbà, ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ, kí ẹ má baà sọ pé mo ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ọlánípẹ̀kun fi àdá tó ń pọ́n sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, ó sì di ojú bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Yẹ́misí tẹ orin náà fún un, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo gbọ́ ìlù!" Ariwo ló fi sọ ọ́, bíi gbogbo ẹni tí nǹkan ń dún létí rẹ̀. "Mo gbọ́ àwọn ìyá tó ń gbè é. Wọ́n dà bí ẹni tó wọ inú àmù lọ kọrin."

"Èmi ńkọ́?"

"Dúró ná." Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó jọ pé ẹnìkan ń ké láti ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún."

"Ìyẹn ni wọn ò rí pa rẹ́ tán! Wọ́n ti yọ mí, Bàbá Bólú. Wọ́n yọ mí bí ẹni yọ eyín."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá nínú ìjọ wọn ní Ọ̀sí ti lọ sí Ìlọrin, wọ́n lọ gba orin ìyìn kan sílẹ̀ ní sítúdíò fún ìkórè ọdún yìí. Yẹ́misí ni olórí ohùn. Ta ni kò mọ ẹnu Yẹ́misí ní Ọ̀sí? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki Olódùmarè, ẹni tó ń tòògbé nínú ìsìn á jí, ẹni tó ti gbé báàgì pé òun ń lọ ilé á tún jókòó. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí ni Leah, Ìyá Akọrin, fi í ránṣẹ́ sórí gúrúùpù kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ ṣáájú.

Fóònù Yẹ́misí kò lè ké sókè mọ́ láti ìgbà tó ti já sínú omi ẹ̀gẹ́, fóònù ọkọ rẹ̀ sì ni oní-tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀ ju ìpè lọ. Íápíìsì tí Bólúwatifẹ́ ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin ló fi ń gbọ́ nǹkan. Íápíìsì gidi ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ló fi gbọ́ ìwàásù kan, tó ní ó dà bí ẹni pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run jókòó sínú orí òun. Nítorí náà, nígbà tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kò ro ti wáyà rárá. Ènìyàn ló rò.

Ó sì ní ìdí. Ní sítúdíò lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ sọ pé orin náà ti gùn jù, oríkì tí Yẹ́misí ń kì ti gba ààyè púpọ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò. Leah kò bá a jiyàn. Ohun tó wí kò ju èyí lọ, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, màá wò ó."

"Ó ní òun máa wò ó," ni Yẹ́misí wí fún ọkọ rẹ̀. "Ó ti wò ó báyìí!"

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Ọlánípẹ̀kun dáhùn. "Pe obìnrin náà."

"Ó wà níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Óbó-Ayégúnlẹ̀. Kì í gbé fóònù."

"Ṣé ilé-ìwé kì í jáde ni? Mú sùúrù dìgbà náà." Ó gbé àdá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ, nítorí ó mọ ìyàwó rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń wò ó, ìbínú rẹ̀ á máa ga sí i ni.

Yẹ́misí kò mú sùúrù. Ó wọ yàrá, ó fa wáyà yọ lára fóònù, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ lórí gúrúùpù.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ìyá. Mo ti gbọ́ orin wa. Ó dùn, èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀. Ìyá Akọrin, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí gẹ̀gẹ̀ gba ohùn yín, èmi kọ́ ni mo rán gẹ̀gẹ̀ níṣẹ́. Ẹni tí ohùn tirẹ̀ ti gbẹ, kí ló dé tó fi ń gbẹ́ sàréè fún ohùn ẹlòmíràn?"

Ó gbé ìka kúrò, ọ̀rọ̀ náà sì lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Leah ló ń ṣe olórí ohùn tẹ́lẹ̀, kí gẹ̀gẹ̀ tó yọ sí i lọ́rùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí rẹ̀ dúró, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ohùn tó padà wálé kì í ṣe ohùn tó jáde. Ó ń ha bíi pákó lábẹ́ ayùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa Yẹ́misí lọ́wọ́ síwájú ìjọ, tó ní, "Ẹni tí yóò máa ṣáájú rèé." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó dárúkọ gẹ̀gẹ̀ lójú rẹ̀. Wọn kì í tilẹ̀ fi ọrùn ṣe àwàdà bó bá wà níjòókòó.

Gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́ ọ, Yẹ́misí rí i bó ti ń fi hàn lórí fóònù. Nígbà tó yá, Susanna akápò kọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Ha."

Yẹ́misí fi fóònù náà sílẹ̀ lórí ibùsùn bí ohun tó gbóná. Ó padà sídìí láfún tó ń kù fún ọrẹ ìkórè, ó gbé ajọ̀ lé ọwọ́.

Oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lójúde. Leah sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹfun ìkọ̀wé wà lápá rẹ̀.

"Àjíkẹ́," ló pè é. Orúkọ yìí kan náà ló fi ń pè é láti kékeré, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń pọnmi l'Óbó-Ilé.

"Ẹ káàbọ̀," ni Yẹ́misí wí, kò gbójú sókè. "Ẹ jókòó, àpótí wà níbẹ̀ yẹn."

Leah dúró lórí ìdúró. "Èmi àti ìwọ ló wá di 'ẹ' nínú ilé?"

"Ìyá Akọrin kúkú ni yín."

"Mo gbọ́ ohun tí o fi ránṣẹ́. Inú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ ni mo ti tẹ̀ ẹ́, mo rò pé o fẹ́ yìn mí ni." Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo wọn gbọ́ ọ."

Ọwọ́ Yẹ́misí dúró lórí ajọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ló jáde: "Ẹ tún wá gbọ́ orin náà, kí ẹ sọ fún mi bóyá irọ́ ni mo pa."

Ó wọlé, ó gbé fóònù jáde, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó fi etí íápíìsì kan fún Leah, ó fi èkejì sí etí ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì forí kora lórí wáyà kékeré bí àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Ìlù. Àwọn ìyá nínú àmù. Lẹ́yìn náà, ààyè òfìfo níbi tí olórí ohùn yẹ kó wà, àti igbe kan lókèèrè.

Ojú Leah yí padà. "Kí rèé? Èyí kọ́ ni mo gbọ́! Àjíkẹ́, mo fi Ọlọ́run tó gbà mí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ búra, ohùn rẹ ló kún inú èyí tí mo gbọ́."

"Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ nìyí."

Leah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bóyá wọ́n fi méjì ránṣẹ́ sí mi, tí mo wá yan èyí tí kò tọ́. Bóyá èmi ni mo jẹ̀bi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, má bínú. Fóònù mi wà níbi tí mo ti ń ṣáájì rẹ̀, ǹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹ́ kí n wo orúkọ tó wà lára èyí."

Ó fa fóònù sún mọ́ ojú. Bó ti fà á, wáyà mì, ohùn kan sì bú jáde sí wọn létí: "—rin ẹ̀gẹ́—" Ó tún pa.

Àwọn méjèèjì ta gìrì.

"Èmi nìyẹn!" ni Yẹ́misí ké.

"Dákẹ́. Má mì." Leah tẹjú mọ́ ibi tí wáyà ti wọ fóònù. "Irin yìí kò wọlé tán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohùn tó wà láàárín orin ló máa ń pa rẹ́. Wò ó, ìdí rẹ̀ ṣì ń dán níta." Ó tì í, kò lọ. Ó fà á yọ, ó yí ihò náà sí oòrùn. "Kí ló funfun nínú ibí yìí?"

Yẹ́misí wo ihò náà. Ó wo ajọ̀. Ó wo ìró ìdí rẹ̀ tó ti funfun bí irun arúgbó.

"Láfún ni," ló wí.

"Láfún?"

"Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kù ú. Etí aṣọ ni mo máa ń so fóònù mọ́."

Ẹ̀rín gun Leah lọ́fun, ó dúró síbẹ̀. "Ọmọ Òbó-Ilé, o fẹ́ rokà fún fóònù."

Wọ́n pa fóònù náà. Yẹ́misí já ẹyọ kan nínú ìgbálẹ̀, Leah sì ń yọ ìyẹ̀fun tó ti bá òógùn le bíi símẹ́ǹtì, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n nù, ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n tún ti irin náà bọ̀ ọ́, ó wọlé tán, ó dún *kọ́*.

Yẹ́misí fẹ́ tún fi etí kan fún un. Leah kọ̀. "Fi méjèèjì setí. Orin yẹn kò dùn gbọ́ létí kan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá jáde kúrò nínú àmù, wọ́n dúró lápá òsì rẹ̀, ìlù dúró lápá ọ̀tún, ohùn òun fúnra rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sí àárín orí rẹ̀ gbọnrangandan:

*Ọba tí í bomi rin ẹ̀gẹ́ láìgbé korobá,*
*Ó rọ̀jò s'Ọ́sí, ó rọ̀jò s'Ílọ́fà,*
*Kò béèrè pé ta ló ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà.*
*Apèsè-má-ṣírègún, mo wá yìn Ọ́.*

Kò sí ìlà kan tó kúrò. Oríkì náà pé láti orí dé ìdí. Ojú ti Yẹ́misí débi pé kò mọ ibi tí yóò wò. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rántí.

"Leah, àdúrà tí o fi bẹ̀rẹ̀ orin yìí ńkọ́? Mo gbọ́ nígbà tí o ń gbà á ní sítúdíò. Kò sí níbí."

Leah ń gbọn ẹfun ìkọ̀wé nù lápá. "Wọ́n ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò. Mo ní kí wọ́n yọ ìyẹn."

"Ibẹ̀ nìkan ni ìwọ ti sọ̀rọ̀ nínú gbogbo orin náà."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ bí pákó ṣe ń ha?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn Yẹ́misí jù. "Tìrẹ ni àwọn ènìyàn fẹ́ gbọ́."

Yẹ́misí lọ sórí eékún nínú láfún. "Leah, mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí, nítorí Ọlọ́run."

"Dìde. Mo ti forí jì ọ́ kí ọ̀kadà tó gbé mi kúrò l'Óbó. Bí n kò bá ṣe é, kí ni mo fẹ́ máa gbàdúrà fún lálẹ́?" Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún létí àwọn yòókù. Mo ń lọ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdánrawò orin ìrọ̀lẹ́ yìí." Ó lọ, kò dúró kí wọ́n jọ rìn.

Ọlánípẹ̀kun ti ẹ̀yìnkùlé dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó gbé fóònù lọ́wọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Yẹ́misí la ẹnu. Ó ronú nípa gbogbo àwọn obìnrin yẹn nínú ilé ìdáná wọn, lójú ọ̀nà oko, nínú ọjà. Bó ti rọrùn tó láti sọ̀rọ̀ sí wọn níbi tí kò ti rí ojú ẹnikẹ́ni. Bó ti rọrùn náà nìyẹn lọ́sàn-án. Ó gbé àtàǹpàkò kúrò.

"Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí.

"Pààrọ̀ aṣọ," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "O ti dà bí àpò láfún."

Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin ti pé. Leah jókòó níwájú, ìwé orin wà lórí itan rẹ̀. Yẹ́misí kò lọ sí àyè olórí ohùn. Ó kúnlẹ̀ síwájú Leah, ó sì kọjú sí ẹgbẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìdọ̀tí ló dí ihò fóònù mi. Ohùn mi pé nínú orin náà. Ohun tí mo sọ sí Ìyá Akọrin, irọ́ ni, ìkà sì ni, n kò sì lè gbà á padà létí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ohun kan ló kù. Ìyá Akọrin gan-an ni ẹni tí wọ́n yọ ohùn rẹ̀ nínú orin yẹn. Àwọn ló yọ ara wọn, kí tèmi lè dúró. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọn ò bá gba àdúrà wọn sókè lójú ìjọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, èmi náà ò ní la ẹnu mi."

Susanna ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Òótọ́ ni, Ìyá Akọrin. Ẹ gbà á fún wa. Ó ti pẹ́."

"Ohùn mi kò tó ṣọ́ọ̀ṣì í kún," ni Leah wí.

"Ta ló ní kó kún un?" ni Yẹ́misí bi í.

Leah wò ó. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé orin dé, ó dìde, ó di ojú rẹ̀.

"Baba wa," ló bẹ̀rẹ̀. Ó kéré, ó ń ha, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn obìnrin náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra gbé àga wọn, wọ́n sì wá jókòó sí tòsí rẹ̀.