Ọ̀bẹ fún Ìka Mẹ́ta

Ní ọdún 1970, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kejì, ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí Adébọ̀wálé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Agatha, obìnrin tí gbogbo Igbotako ń pè ní Ìyá Dora. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ìka àárín ni. Láti àárọ̀ ló ti ń ti ẹ̀gẹ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ náà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Páànù tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Adébọ̀wálé ló tú u láti tún nǹkan ṣe, tó ní lọ́la lòun máa dá a padà.

Òun náà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn l'Ókìtìpupa. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó, wọ́n ní àgbákò ni, wọ́n gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Adébọ̀wálé kò ti gba iwájú ilé Ìyá Dora mọ́. Bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ọgbà ọ̀pẹ ló ń gbà, ìrìn tó gùn ju ti ojú ọ̀nà lọ ní ìlọ́po méjì.

Ẹni ogójì ọdún ni. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Nígbà tí ibẹ̀ kógbá wọlé, ó ra ẹ̀rọ léètì wọn àtijọ́, èyí tó ń yí irin birí kí a lè fi irin mìíràn fá a. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó fi páànù ṣe òrùlé lé e lórí, ó kan tábìlì kan, ó de fáìsì tó ń di irin mú mọ́ ọn, ibẹ̀ sì di ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, àti ẹ̀rọ ìfami. Kò ṣe ọ̀bẹ rí. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ nìyẹn.

Oṣù kẹwàá ni Ìyá Dora dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Morìnsọ́lá, ìyàwó Adébọ̀wálé, ló kọ́kọ́ rí i, ó sì yára gbé àpótí fún un. Ìyá Dora kò jókòó.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Dora," ni Adébọ̀wálé wí. Kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí.

"Káàárọ̀. Ọ̀bẹ ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe."

"Irú ọ̀bẹ wo?"

"Èyí tí mo lè fi bó ẹ̀gẹ́." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Wò ó. Má wojú mi, ọwọ́ ni kí o wò."

Ó sọ fún un pé gbogbo ọ̀bẹ ló ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Òun ti fi ọwọ́ òsì gbìyànjú, òun sì fi ya itan ara òun. Dora, ọmọ òun, ló wá ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ pupuru báyìí kó tó lọ sílé ìwé, ó sì ń pẹ́ lójoojúmọ́ débi pé tíṣà rẹ̀ ti ránṣẹ́ wá.

"Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ l'Óde-Ayé. Ó ní ọ̀bẹ kan náà ni gbogbo ayé ń lò, pé ọwọ́ mi ló yàtọ̀."

"Èmi ò ṣe ọ̀bẹ rí, Ìyá Dora."

"Ẹ̀rọ tó gé ọwọ́ mi, ṣé o ti ṣe é rí kí o tó ṣe é?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìbéèrè ló béèrè, ó sì ń dúró de èsì.

Adébọ̀wálé lọ bu amọ̀ létí odò. Ó pò ó, ó fi lẹ igi kékeré kan yíká, ó ní kí Ìyá Dora dì í mú bí ẹni pé ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ bó. Obìnrin náà dì í mú gírígírí. Nígbà tó tú ọwọ́, ojú àtàǹpàkò hàn nínú amọ̀ náà, ojú ìka méjì tó kù hàn, ibi tí àpá ti wú sí pàápàá hàn. Adébọ̀wálé gbé e sábẹ́ òjìji kó gbẹ.

Ó gé irin lára sípíríǹgì mọ́tò àtijọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, rẹ́ ẹ títí tó fi fẹ́lẹ́ tó sì ní ẹnu. Ó wá fi èédú àti èèpo ẹkùrọ́ dá iná, ó fẹ́ ẹ títí irin náà fi pọ́n bí oòrùn tó ń wọ̀, ó sì tì í bọ inú omi. Ó gbọ́ ohùn kékeré kan, *kẹ́n*. Nígbà tó fà á jáde, ó rí ìlà kan lára rẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó kán sí méjì.

Ó jókòó lórí àpótí.

"Bàbá Mobọ́lá," ni Morìnsọ́lá wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ ò ṣe lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Ìtìjú mú un, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òde-Ayé. Bàbá Olúyọmí, alágbẹ̀dẹ, wo irin tó kán náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"O fi omi pa á, àbí? Irin mọ́tò kì í mu omi. Epo ló ń mu. Bí o bá yọ ọ́ kúrò nínú epo, má tíì yọ̀ o. Dán ara rẹ̀, kí o tún yá a níná díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ní àwọ̀ oyin, gbé e kúrò kíá. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó ti rọ̀ nìyẹn." Ó yí irin náà padà lọ́wọ́. "Ta lo ń ṣe é fún?"

Adébọ̀wálé sọ fún un.

Bàbá náà gbé irin náà sílẹ̀. "Èmi ni mo sọ fún obìnrin yẹn pé ọwọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára. Bí o bá ṣe é tán, mú un wá kí n rí i."

Irin kejì wọ inú epo pupa. Iná sọ, èéfín bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù, Morìnsọ́lá sì ń pariwo pé kí ó ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n irin náà kò sán. Nígbà tó tutù, Adébọ̀wálé fi fáìlì kàn án, fáìlì yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni yọ̀ lórí àwo: ó ti le nìyẹn. Ó yá a níná títí tí àwọ̀ oyin fi yọ lára rẹ̀.

Ó gbẹ́ ìrókò bíi ti amọ̀ tó ti gbẹ, kòtò sí kòtò, gegele sí gegele. Ohun kan ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ìka méjì àti àtàǹpàkò kò lè dá ọ̀bẹ dúró bí omi ẹ̀gẹ́ bá mú kí ó máa yọ̀. Ó wá mú idẹ kan, ó fi sẹ́nu léètì, ó fá a, ó lu inú rẹ̀, ó sọ ọ́ di òrùka. Ó kàn án mọ́ ìdí èèkù, níbi tí ìka kékeré yóò wọ̀.

Ìyá Dora wá dán an wò. Ó bó ẹ̀gẹ́ kan, ó yọ ọwọ́ kúrò. "Òrùka yìí ń fún mi." Adébọ̀wálé fẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà tún padà wá, ó ní èèkù náà nípọn jù nísàlẹ̀. Adébọ̀wálé rẹ́ ẹ. Nígbà kẹta, Ìyá Dora gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bó èkíní, ó bó èkejì. Kò yára bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà kò bọ́. Nígbà tó bó ìkeje tán, Adébọ̀wálé ṣì dúró níbi tó wà.

"Ìyá Dora, páànù yẹn... Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé lọ́la."

"Mo mọ̀." Kò gbójú sókè. "Mo rí i pé kò sí níbẹ̀, mo sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo bínú sí ọ títí àgbàdo fi gbó. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀gẹ́ ń jẹrà lóko." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Máa gba iwájú ilé wa kọjá. Ọmọ mi ń bi mí pé kí ni a ṣe fún ọ."

Adébọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ sínú garawa.

Bàbá Olúyọmí rí ọ̀bẹ náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó yẹ òrùka wò, ó ní ẹnu náà ì bá tún fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i. Àmọ́ òun gan-an ló rán Lucas, ọkùnrin kan tí ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ láti kékeré, sí Adébọ̀wálé lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ó lè bá a ṣe ọ̀bẹ tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

Dora kò pẹ́ dé ilé ìwé mọ́. Ní ọdún 1971, Salome, ìyàwó àbúrò ọkọ Ìyá Dora, wá bá a bó ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú. Ó mú ọ̀bẹ olórùka náà, ó gé ẹ̀gẹ́ kan gbágungbàgun, ó sì jù ú sílẹ̀.

"Ọ̀bẹ wo rèé? Kò ṣe é lò rárá."

"Kì í ṣe tìẹ ni," ni Ìyá Dora wí. Ó mú un padà, ó ti ìka kékeré bọ inú òrùka, àwọn méjèèjì sì bó ẹ̀gẹ́ náà tán kí òjò tó dé.