Nọ́ńbà Tí Màmá Fún Mi

Èmi ni mo yan aago olè tó mú mi. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹlòmíràn ló tì mí sínú wàhálà. Èmi ni mo wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo tọ́ka sí i, èmi ni mo ní kí wọ́n fún Màmá ní èyí tó dára jù.

Màmá kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, Màmá sì wá mú mi lọ sílé rẹ̀. Wọ́dà ni ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í sì í fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ tó bá ń bọ̀ wálé. Gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé wa ló ní kọ́kọ́rọ́, okùn kan ló so gbogbo wọn mọ́, ìdí rẹ̀ ni okùn náà sì máa ń wà. A ti máa ń gbọ́ ọ kó tó yọ sí wa. Ní ọdún tí mo dé, yẹtí góòlù rẹ̀ kan sọnù. Ó tú ẹrù mi, ó tú ìrọ̀rí mi, ó ní kí n la ẹnu. Kò rí nǹkan kan, torí mi ò mú nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó tọ́ mi, ó rán mi níléèwé, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ títí á fi le gbagidi bí aṣọ wọ́dà. Bí àlejò bá bèèrè ta ni mí, á ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ má bèèrè ikùn tó ti jáde."

Aṣọ lílọ yẹn ni mo fi ń jẹun lónìí. Alágbàfọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìkóríta: ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì tó ń ráhùn tọ̀sán-tòru, tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, àti ògiri kan tí mo kan ìṣó sí káàkiri. Ara ìṣó wọ̀nyẹn ni mo máa ń fi ohun tí mo bá rí nínú àpò àwọn oníbàárà kọ́, olúkúlùkù nínú ọ̀rá tirẹ̀: kọ́kọ́rọ́, òrùka, owó, fọ́tò. Ohun tí mo ti rí nínú àpò ṣòkòtò àwọn ọkùnrin kan, bí mo bá ní kí n máa sọ ọ́, ilé á tú. Mi ò kì í sọ ọ́, mi ò sì kì í mú un. Ohun tí mo fi ń yangàn ládùúgbò nìyẹn. Ẹlòmíràn lè fọ aṣọ kó mọ́ ju tèmi lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè ní nǹkan òun sọnù lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí olè wọ ilé tó kọjú sí ti Màmá, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Orúnkún ń dùn ún, etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, òun nìkan ló sì ń gbé. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, ó ní òun ò lè sùn nínú òórùn ọṣẹ. Mo ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́. Mo ka ìdákẹ́ yẹn sí àánú. Mo rò pé kò fẹ́ kí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jìn sí mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta aago olè, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní àláàmù. Iwájú nìkan ló lọ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kákò, mo sì ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó gbé mẹ́ta síwájú wa.

"Màmá, èyí máa ń ké ni," ló wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, ariwo ni."

"Tó bá ti wá ké tán ńkọ́?" ni Màmá bèèrè.

"Olè á sá."

"Àwọn olè tí mo mọ̀ kì í sá fún ariwo. Ta ló ń jáde síta fún ariwo láyé ìsinyìí?"

Èkejì ní kámẹ́rà tó ń fi àwòrán inú ilé ránṣẹ́ sórí fóònù. Màmá ní òun ò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wo òun níbi tí òun ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀kẹta ni mo tọ́ka sí. Èyí ní pátákó kékeré kan tó ní nọ́ńbà lára, ara ògiri ni wọ́n máa ń kàn án mọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ tètè tẹ nọ́ńbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á figbe ta, á sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ wọn.

"Ó tún ku nǹkan kan," ni ọkùnrin náà wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé olè wà ní ṣọ́ọ̀bù. "Nọ́ńbà méjì ló ní, ti onílé àti ti olè. Ká ní olè dì yín mú, tó ní kí ẹ pa aago náà dandan, nọ́ńbà olè ni kí ẹ tẹ̀. Á dákẹ́ rọ́rọ́. Olè á rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń bọ̀ lọ́nà."

Màmá sún síwájú lórí àga. Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ kó dán bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Kò ní dún rárá?"

"Rárá, Màmá."

"Olè náà ò ní mọ̀?"

"Ibo ló ti fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká mú èyí, Màmá," ni mo wí. Òun ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo sì san án, tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kàn án, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi kí n lè wà níbẹ̀. Nígbà tó kan nọ́ńbà yíyan, ọkùnrin náà ní kí Màmá mú èyí tí kò lè gbàgbé láé, ti onílé lọ́tọ̀, ti olè lọ́tọ̀. Màmá yíjú sí mi.

"Lọ gbé omi wá fún wa ní kíṣìnì."

Mo lọ. Kò dùn mí. Nọ́ńbà ilé kì í ṣe ohun tí gbogbo etí ń gbọ́. Ìgbà tí ọkùnrin náà lọ tán ni Màmá fà mí mọ́ra, tó sọ ọ́ sí mi létí.

"Bí nǹkan bá ṣe mí, tó o fẹ́ wọlé, ọdún tó o dé ilé yìí ni kó o tẹ̀."

"Ọdún tí mo dé?"

"Ọdún yẹn gan-an. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀."

Orí mi wú. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń lọ kóòtù oníkóòtù, omijé ń kán sórí rẹ̀, mo sì ní láti tún un lọ. Ẹni tí kò bí mi fi ọdún tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Gbogbo oníbàárà tó wọlé lọ́jọ́ náà ni mo sọ fún pé Màmá fún mi ní nọ́ńbà. Mi ò sọ èwo ni fún wọn, ṣá.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Màmá lọ fi orúnkún han dókítà, tí wọ́n sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló wọ̀ lọ. Mi ò dúró kó rán mi níṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ pípẹ́, mo ṣílẹ̀kùn. Pátákó náà bẹ̀rẹ̀ sí í han pín-ín, pín-ín. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wá, Màmá ló máa ń pa á. Èyí nìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi máa fọwọ́ kàn án. Mo tẹ ọdún tí mo dé. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Mo mú aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀, táwẹ̀lì, awò ojú, bàtà rírọ̀ tó ń wọ̀ nínú ilé, àti rédíò tó fi ń gbọ́ ìròyìn. Aṣọ àwọ̀sùn náà ti kákò, mo bá tún un lọ. Mò ń kó wọn sínú báàgì ni ọkọ̀ kan dúró níta, ọkùnrin méjì sì já wọlé tàwọn ti kóńdó.

"Ta ló wà níbí pẹ̀lú yín, màdáàmù?"

"Kò sẹ́nì kan. Ilé ìyá mi nìyí."

"Ta ló wá fún yín ní nọ́ńbà?"

"Onílé ni."

Ẹ̀gbọ́n inú wọn wo báàgì ọwọ́ mi, ó tún wo ojú mi. "Ẹ kúrò nídìí báàgì yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Nọ́ńbà olè lẹ tẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo ní àgbàlagbà ni Màmá, ó ti da méjèèjì pọ̀ ni, kí wọ́n pè é. Wọ́n pè é, wọ́n sì jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ síta.

"Màmá, a bá obìnrin kan nílé yín. Ó ní ọmọ yín lòun."

"Ẹ wo apá ẹ̀. Ṣé àpá áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Ọmọ àbúrò mi ni."

Ọmọ àbúrò mi. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ká fi í sílẹ̀ kó máa lọ?"

"Ẹ kọ́kọ́ yẹ àpò ẹ̀ wò."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi tí mò ń yẹ àpò gbogbo àdúgbò wò, tí mi ò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni, mo gbọ́wọ́ sókè nínú yàrá tí mo dàgbà sí, ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ń ti ọwọ́ bọ àpò síkẹ́ẹ̀tì mi. Obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì ti yọjú. Oníbàárà mi ni. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè kí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kí n má bínú, iṣẹ́ làwọn ń ṣe.

Ní gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ìwòsàn, ṣe ni mò ń gbèjà rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó ti dàgbà. Ó gbàgbé ni. Oògùn tí wọ́n fún un ló ń pa á bí ọtí. Kó ṣáà ti lẹ́nu sọ pé òun gbàgbé, mo ti dárí jì í, a ó jọ fi ṣe ẹ̀rín.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Màmá, ẹ ṣèèṣì fún mi ní nọ́ńbà olè."

"Mi ò ṣèèṣì."

"Ẹ gbàgbé ni, Màmá."

"Gbàgbé kẹ̀? Títí dòní, mo lè dárúkọ gbogbo ẹni tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́." Ó tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. "Ọkùnrin yẹn ní kí n mú nọ́ńbà tí mi ò lè gbàgbé fún olè. Ọdún tí olè wọ ilé mi ni mo mú."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi.

"Yẹtí yẹn? Màmá, mi ò mú un."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tọ́ mi dàgbà. Ọmọ yín lẹ ń pè mí."

"Àbí mi ò tọ́ ẹ dáadáa ni?" Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe wọ́dà, mi ò rí olè kan tí ẹnì kan ò fọkàn tán rí."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé laṣeni ń gbé. Òun ló fi òwe yẹn tọ́ mi, mi ò sì mọ̀ pé èmi ló ń wò bó ṣe ń pa á. Mo gbé báàgì náà, mo dà á sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ̀: aṣọ àwọ̀sùn tí mo lọ, táwẹ̀lì, awò ojú, bàtà, rédíò. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí.

"Ẹ kà á bóyá ó pé, Màmá," ni mo wí.

Ìbínú ló sọ ọ́. Mo rò pé ojú á tì í, pé á ní kí n kó o kúrò níbẹ̀, kí n wá jókòó. Ó nawọ́ mú awò ojú rẹ̀, ó fi sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.