Wáyà Pupa Tó Wà Láàárín Sáfà Méjì

Kòsíwàhálà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, nítorí kò sí ẹjọ́ tí èèyàn máa gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn dáhùn. Òrùlé jò sórí tábìlì akọ̀wé, ó ní kò sí wàhálà. Àwòrán odidi afárá kan pòórá, ó ní kò sí wàhálà, ó sì lọ jẹun. Ó mọ aṣọ wọ̀, ó mọ èèyàn kí, ó sì lè fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé ohun tí kò yé e, títí ẹni tó yé gan-an á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka náà ni wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà. Kò tíì bímọ, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wáyà kì í wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ya àwòrán afárá àti táǹkì omi ni wọ́n. Ọgọ́ta ayàwòrán ló jókòó sí àjà kejì àti ìkẹta, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yà, inú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ló ń lọ, yàrá tó tutù bí inú fíríìjì.

Sáfà méjì, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo iléeṣẹ́, ló wà níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń lo àpótí dísìkì kan ṣoṣo. Èkíní ló ń ṣiṣẹ́, èkejì dúró, ó ń ṣọ́ ọ. Wáyà pupa kan so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń béèrè ara wọn ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá: ṣé o wà, mo wà. Bí èkíní bá dákẹ́, èkejì á gba àdírẹ́ẹ̀sì tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù fi ń rí i, á gba dísìkì, á sì máa bá iṣẹ́ lọ kí àwọn ayàwòrán tó fura. Ohun kan ṣoṣo ló léwu. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń kọ nǹkan sórí dísìkì náà pọ̀, wọ́n á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, Ìyá Wáyà to àṣẹ kan sí i: kí èyí tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ kọ́kọ́ pa iná ìkejì rẹ̀ pátápátá, kó tó fọwọ́ kan dísìkì.

Àṣẹ yẹn kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, sáfà kìíní dákú. Èkejì pa iná rẹ̀, ó gba iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ sì lọ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n Kòsíwàhálà ń tẹ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ìlà méjì nínú rẹ̀ sì pòórá. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Wáyà.

"Ta ló ní kí ẹ̀rọ máa pa ẹ̀rọ?"

"Èmi ni, sà. Tí kò bá pa á, àwọn méjèèjì lè jọ di dísìkì mú."

"Arábìnrin, ẹ̀rọ kì í jà. Yọ ọ́ kúrò. Kò sí wàhálà."

Ìyá Wáyà kọ lẹ́tà láti fi ṣàlàyé, kò rí èsì gbà. Ó yọ àṣẹ náà kúrò. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ló ń kọ lẹ́tà mìíràn, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àṣẹ náà padà, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun dán sáfà kejì wò. Oṣooṣù náà ni Kòsíwàhálà ń bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ jí ohun tó ń sùn jẹ́ẹ́.

Bàbá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì, ni Ìyá Wáyà máa ń rojọ́ fún nílé.

"Mo gbé táyà sípíà kan kiri fún ọdún mẹ́rin," bàbá náà sọ lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ọjọ́ tí mo máa lò ó, ó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí lẹ wá ṣe, Bàbá?"

"Mo sùn sójú ọ̀nà. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Oṣù kẹjọ ni àlejò mẹ́rin wá láti àjọ omi kan. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí àwòrán wọn máa wà kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ náà. Eyín ríro kò jẹ́ kí Màmá Alága, ìyá àgbàlagbà tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kòsíwàhálà sọ pé òun á gbà wọ́n lálejò. Ó wọ kóòtù, ó pe akọ̀wé ìròyìn pé kó gbé kámẹ́rà wá, ó sì kó àlejò lọ sí yàrá tútù. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ìyá Wáyà. Ó wà lábẹ́ tábìlì kan ní àjà kẹta, ó ń tún ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ṣe.

Níbẹ̀ ló ti gbọ́ tí ayàwòrán kan ń kùn pé fáìlì tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú kò sí níbẹ̀ mọ́. Èkejì ní tòun wà, ṣùgbọ́n òpó afárá kan ti hù jáde láàárín táǹkì omi. Ìyá Wáyà yọ jáde kúrò lábẹ́ tábìlì. Kò dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn ló sá gbà sọ̀kalẹ̀.

Ó bá Kòsíwàhálà tó dúró níwájú àlejò, ó na wáyà pupa sókè bí ẹni tó pa ẹja ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

"Ẹ ò rí i," ló ń sọ, "mo yọ ọ́, iṣẹ́ ò dúró."

Wáyà tó dára jù lójú rẹ̀ ló fà. Sáfà méjèèjì kò gbúròó ara wọn mọ́, èyí gbà pé ọ̀hún ti kú, ọ̀hún gbà pé èyí ti kú, àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀gá. Iná wọn ń tàn rekete.

Ìyá Wáyà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba àárín àlejò kọjá, ó tẹ bọ́tìnnì èkíní títí iná rẹ̀ fi kú, ó tẹ ti èkejì. Yàrá náà dákẹ́ lójijì. Ariwo àwọn ayàwòrán wá ń dún lókè.

"Kí lo ṣe yẹn?" Kòsíwàhálà béèrè.

"Mo pa wọ́n, sà. Wọ́n ti ń kọ̀wé sórí ara wọn."

"Níwájú àlejò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọjọ́ méjì ló fi kó àwọn fáìlì padà láti inú ẹ̀dà tí wọ́n ti tọ́jú ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ló ṣègbé, àwòrán mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sùn dáadáa, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ nìkan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ àṣẹ yẹn kúrò, ó mọ̀ ọ́n, kò sì sí lẹ́tà tó lè fọ ọwọ́ náà mọ́ lójú ara rẹ̀. Bó ṣe parí iṣẹ́ ni Kòsíwàhálà fún un ní ìwé pé kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi pa sáfà láìgbàṣẹ, tó sì dójú ti iléeṣẹ́.

Màmá Alága pe àwọn méjèèjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú.

"Ta ló fa wáyà náà?"

"Ó jọ pé ó tú fúnra rẹ̀ ni, Mà," Kòsíwàhálà dáhùn. "Wáyà ayé ìsinyìí kì í dúró."

Màmá Alága dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì nawọ́ sí pátákó ìkéde tó wà lọ́nà àbáwọlé. Akọ̀wé ìròyìn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìfòní dónìí. Fọ́tò náà fẹ̀ bí àwo ńlá: Kòsíwàhálà, wáyà pupa, eyín funfun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀gá wa ń fi hàn pé iṣẹ́ wa kò lè dúró."

Kòsíwàhálà wò ó pẹ́. Ó ní fọ́tò náà kò fi gbogbo ìtàn hàn.

"Lẹ́tà mélòó lo kọ?" Màmá Alága bi Ìyá Wáyà.

"Mẹ́jọ, Mà."

"Mo ṣì ń gbé wọn yẹ̀ wò ni, Mà," Kòsíwàhálà sọ.

Wọn kò lé e. Wọ́n sọ ọ́ di Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ọjọ́ Iwájú, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tó ní fèrèsé méjì, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ogún ìṣẹ́jú dúpẹ́.

Ìyá Wáyà dá àṣẹ rẹ̀ padà. Ó fi wáyà kejì kún ti àkọ́kọ́, kí ó má bàa jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni àwọn sáfà á máa fi gbúròó ara wọn. Ó lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé aago méjì ọ̀sán Ìṣẹ́gun lòun máa pa sáfà kìíní. Nígbà tó tó àkókò, ó fa wáyà iná rẹ̀ yọ, ó ń wo aago ọwọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, èkejì ti gba iṣẹ́.

Ó gòkè lọ bá ayàwòrán kan, ó bi í bóyá ó rí nǹkankan.

"Nǹkan bíi kí ni?" obìnrin náà béèrè, kò gbójú kúrò lára afárá tó ń yà.

Ìyá Wáyà ní kò sí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kọ déètì àti mọ́kànlá sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oṣù tó ń bọ̀, èkejì lòun máa pa.