Wáyà Tí Verna Dì

Ọdún kẹta tí Irene àbúrò rẹ̀ ti kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ bá ọmọ tirẹ̀ ní Arizona ni Leona Kubiak gbé pínbọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ ayò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù irin nínú rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, wọ ilé. Ilé ọtí kan ní ìlú Cicero ló fẹ́ ti ìlẹ̀kùn pa, ẹni tó ni ín sì ní kí ẹni tó bá lè gbé ẹ̀rọ náà máa gbé e lọ. Leona ní kí àwọn tó gbé e wá gbé e sí ibi tí tábìlì oúnjẹ wà, kí wọ́n sì bá òun gbé tábìlì náà jù sẹ́yìnkùlé. Ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹun lórí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Chicago. Òjé gbígbóná ló fi ń lẹ wáyà mọ́ irin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà yẹn, òfin ìlú kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbá pínbọ́ọ̀lù ní Chicago. Ṣe ni wọ́n dà bí alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ tí wọn kò jẹ́ kó ro oko. Nígbà tí wọ́n sì mú òfin náà kúrò, ó ti rẹ Leona débi pé kò fẹ́ fojú kan pínbọ́ọ̀lù mọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí ikùn ẹ̀rọ náà ló rí wáyà inú rẹ̀. Wọ́n fi okùn dì wọ́n pọ̀ pinpin bí irun tí a di, gbogbo kókó okùn náà ló sì dojú kọ òsì. Leona jókòó sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló wà lára àwọn obìnrin tó ń di wáyà: Verna Tolliver, tí wọ́n jọ jókòó ní tábìlì kẹrin.

Ikọ́ fée ń yọ ọmọ Verna lẹ́nu nígbà náà. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń tó, Verna á yọ́ lọ sílé, Leona á sì bá a tẹ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ bí aago bá lù, kí ọ̀gá má bàa mọ̀ pé ó ti lọ. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ yan olórí tábìlì, ọ̀rọ̀ sì di fàá-ká-já láàárín àwọn méjèèjì. Leona lọ bá ọ̀gá, ó sọ ohun tó mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lé Verna. Ó kó ẹ̀mú rẹ̀ sínú àpò, ó sì dágbére fún gbogbo ènìyàn níkọ̀ọ̀kan, títí kan Leona.

Ní báyìí, Leona wá nọ́ńbà Verna nínú ìwé tẹlifóònù, ó rí i, ní ìlú Gary. Kò pè é. Iṣẹ́ ló dojú kọ. Ó fi páálí tó tẹ̀ bọ inú sípíríìtì fọ ẹnu àwọn irin pẹlẹbẹ tí iná ń gbà kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi ń dán. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ti gbẹ. Ó fi sán-ń-pépà ha ara àpótí náà títí igi fi yọ.

Ọkùnrin tó ta ọ̀dà fún un bi í pé, “Ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ tún un ṣe fún ni, Màmá?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bímọ rí.

Funfun ló kọ́kọ́ kùn ún. Ó gé páálí bí àwòrán ìràwọ̀ tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ àpótí kí ó lè kun pupa sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò bá a di etí kejì mú. Páálí yẹ̀, ọ̀dà sì ṣàn wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kejì, agolo ọbẹ̀ mẹ́fà ló fi tẹ páálí mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan gbẹ, ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró kí ó tó rí ẹni bá a yí àpótí náà padà. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ni, kò sì tilẹ̀ dúró wo iṣẹ́ náà.

Ìgbà tí yìnyín yọ́ tán ni iṣẹ́ parí. Leona ki iná bọ̀ ọ́, gíláàsì rẹ̀ tàn yòò. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, kò rí ẹni tí yóò fi hàn. Ó pe Verna ní Gary ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

“Ta nìyẹn?”

“Leona ni. Leona Kubiak, ti tábìlì kẹrin.”

“Leona. O ṣì wà láyé?”

Leona sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún un, látorí ìpata dórí ọ̀dà. Verna rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ tí èmi di wáyà rẹ̀, kí lo tún ń tún ṣe níbẹ̀?”

“Mi ò fọwọ́ kan wáyà ẹ. Ọ̀kan ò já. Verna, èmi ni mo sọ fún ọ̀gá.”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ń retí kó o wá sọ fún mi. Mo retí títí, ó wá sú mi.”

“Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Inú ò bí mi mọ́. Ọmọ oníkọ́ fée yẹn gan-an ti di bàbá ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́, Leona. Mi ò lè purọ́ fún ẹ.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Gbá a kí n gbọ́. Ojú mi ò ríran mọ́, àmọ́ etí mi ṣì mú.”

Leona fa okùn tẹlifóònù títí ó fi dé ìdí ẹ̀rọ náà, ó gbé tẹlifóònù lé orí gíláàsì. Ó fa irin tó ń ta bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fò jáde, agogo mẹ́ta inú ẹ̀rọ náà sì ń dún bó ṣe ń kọlu ibí, tó ń kọlu ọ̀hún. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlẹ̀, ó gbé tẹlifóònù sétí.

“Agogo ńlá yẹn, ohùn ẹ̀ há,” Verna wí. “Wo orí irin tó ń lù ú, ó ti gbó. Pààrọ̀ ẹ̀. Ó dàbọ̀ o.”

Verna gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Leona ṣí àpótí, òótọ́ ni, orí irin náà ti jẹ. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó dán agogo náà wò, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Ẹni mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà wà fún. Leona tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni pé ẹni mẹ́rin ló fẹ́ gbá a, ó sì gbá ti ẹni àkọ́kọ́. Ó gbá ti ẹnì kejì, ó gbá ti ẹnì kẹta. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó tún dúró, ó gbá ti ẹnì kẹrin. Ẹnì kẹrin ló borí.