Eyín Tí Kò Mì

Eyín ọmọdé ṣóńṣó kan wà lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín, lókè lápá òsì, tí kò mì rárá, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mọ́kànlá. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ń kan àga, a máa fi eyín náà yangàn. Lójú tirẹ̀, àga tó bá ń mì, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Èyí tó bá dúró gbagidi, iṣẹ́ ọ̀gá ni. Á fi àtàǹpàkò ti eyín náà, á ní, "Igi ìrókò rèé."

Àbúrò káfíńtà náà obìnrin, dókítà eyín, ló fura. Ó lọ yẹ ẹnu àwọn ọmọ ilé ìwé wò, ó dé orí Ẹlẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé ọmọ wá. Káfíńtà ní òun ò lọ. Níwájú àwọn àna rẹ̀ ni àbúrò yìí ti sọ fún un rí pé kí ẹni tí kò parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìkíni ò pa wọ́n pọ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Ó kàn bi í pé, "Ta ló ni eyín, ẹ̀yin ni àbí ọmọ?" Káfíńtà wọ bàtà.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín dùbúlẹ̀ sórí àga lábẹ́ iná, bàbá rẹ̀ kò wo ojú àbúrò rẹ̀. Àga ló ń wò, ó ń wá àléébù iṣẹ́ ẹni tó kàn án. Dókítà na ìbọ̀wọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìka wá eyín tuntun wò fúnra yín."

Lọ́tùn-ún, nǹkan le koko lábẹ́ ẹran ìdí eyín: eyín tuntun ń bọ̀. Lósì, ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó tún wá a. Òfo.

"Níbo ló wà?"

Dókítà fi fọ́tò tí ẹ̀rọ yà hàn án. Eyín tuntun náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú eegun, ó kọrí sí gbòǹgbò eyín iwájú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ gbòǹgbò yẹn run. Bí wọ́n bá yọ eyín ọmọdé náà nísinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí tuntun yí orí padà, kó sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá sọ̀, wọ́n á la ẹran ìdí eyín, wọ́n á fi wáyà rọra fà á. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí.

Pé kò ṣèlérí ni káfíńtà fi gbà á gbọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́kún. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù; ó ní eyín tí Bàbá fẹ́ràn ni, kí ni wọ́n á wá máa fi yangàn?

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ gan-an ni, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ fi eyín ṣe?" Ó gbójú sókè. "Àbúrò mi, yọ ọ́."

Nígbà tí dókítà yọ ọ́ tán, tí wọ́n ti fi òwú sí i, káfíńtà ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu omijé ọmọ.

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ níwájú àwọn àna," ó wí, "ó ṣì ń dùn mí o."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Dókítà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ ṣì máa gbé e wá kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ máa wá?"

Ó ní òun á rò ó. Láti ẹ̀yìn rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín, tòun ti òwú lẹ́nu, mirí sí àǹtí rẹ̀ pé wọ́n á wá.