Ilé Tí A Dí Nímú

Tí dókítà bá sọ fún yín pé kí ẹ gbé ọmọ yín lọ sí orí òkè nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, ẹ dúró, kí ẹ bi í léèrè irú ilé tí ọmọ náà yóò ti máa mí afẹ́fẹ́ ọ̀hún. Àwa ò béèrè. Ikọ́ fée tó máa ń dí èèyàn léèémí ló ń ṣe ọmọ wa obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí a bí, tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo wa. Níbi tí a ń gbé tẹ́lẹ̀, eruku ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó sùn. A ta ilé wa, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, a sì ra ilé àtijọ́ kan ní ìlú kékeré kan tó wà láàárín àwọn òkè.

Ilé náà dàgbà ju gbogbo wa lọ. Òkúta àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé Ọ̀gá lè jókòó sí ojú fèrèsé kó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Lókè ògiri, lábẹ́ òrùlé gan-an, ihò kéékèèké wà yí ilé náà ká, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde bó ṣe wù ú. Òtútù ibẹ̀ kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bí mo bá bu omi gbígbóná sínú ife láàárọ̀, kí n tó wá ṣíbí rí, ó ti di omi tútù.

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Kì í ṣe bíríkìlà yẹpẹrẹ o. Ògiri tó bá rẹ́, ẹ lè fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ilẹ̀ kí ọwọ́ yín má kan gbágungbàgun kankan. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì nìkan ló mọ̀, sìmẹ́ǹtì nìkan ló sì gbà gbọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri ilé wa, tí amọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí i lọ́wọ́, ó mi orí, ó ní àánú àwọn ará ìlú yìí ń ṣe òun, pé ayé ti lajú, wọn ò tíì gbọ́. Ó ní òun máa tún ilé náà ṣe, òtútù ò sì ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun mọ́. Ó rẹ́ inú, ó rẹ́ ìta, ó dí gbogbo ihò tó wà lókè. Nígbà tó parí, ilé náà ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Èmi àti Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá àgbà kan tó ń sin ewúrẹ́ ni aládùúgbò wa. Ìyá Ewúrẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó wá kí ọkọ mi kú iṣẹ́, ó rìn yí ilé náà ká, ó gbójú sókè wo ibi tí àwọn ihò wà tẹ́lẹ̀.

“Bàbá Ọ̀gá, iṣẹ́ yín mọ́ o,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ ti dí ilé yìí nímú.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó sọ fún mi pé ewúrẹ́ ló mọ̀, kó yáa máa bá ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, òjò dé. Òjò orí òkè kì í rọ̀ kó lọ bí àlejò, ó máa ń jókòó tini ni. Kò pẹ́ tí ògiri inú ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Omi ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára sìmẹ́ǹtì dídán yẹn. Aṣọ inú àpótí bu, bàtà bu, ìrọ̀rí tí ọmọ ń sùn lé bu. Ikọ́ Ọ̀gá padà dé, ó sì le ju ti ibi tí a ti wá lọ. Òògùn tó ń fà sẹ́nu, tó máa ń pẹ́ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tán kíákíá. Ibi tí a sá wá nítorí eruku ni omi ti fẹ́ pa wá.

Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo ṣàkíyèsí pé bí ọmọ náà bá wà lábẹ́ àtíbàbà Ìyá Ewúrẹ́, tí kò ní ògiri kankan, tó ń pàṣẹ fún àwọn ewúrẹ́, ó máa ń mí geere. Bó bá ti wọ ilé wa báyìí, kó tó bọ́ bàtà, àyà rẹ̀ á ti máa súfèé. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, nítorí pé ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kì í fẹ́ gbọ́ pé nǹkan ọ̀hún ń pani. Ó ní òtútù ni. Ó ní ihò kan ṣì ní láti wà níbì kan tí òun ò rí. Ó gbé àkàsọ̀, ó po sìmẹ́ǹtì mìíràn. Bí ọmọ ṣe ń wúkọ́ ni bàbá ń rẹ́lé. Inú ń bí mi bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo ojú rẹ̀ tó rù, tí mo rí ìka rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti bó, ọ̀rọ̀ á kú sí mi lẹ́nu. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká padà sísàlẹ̀. Ó bi mí pé inú ilé ta ni a fẹ́ padà sí. Ilé yìí nìkan la ní láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ò tíì dá láti àárọ̀, òkúta já láti ara òkè, ó dí ọ̀nà tó lọ síbi tí ilé ìwòsàn wà. Ọjọ́ náà gan-an ni èémí Ọ̀gá dí. Òògùn ti tán. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ń di dúdú, kò sì lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn ń wò mí ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ yín wò yín báyẹn lọ́jọ́ tí ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní mi ò ní gbé ọmọ òun jáde sínú òtútù, pé àfi tí mo bá fẹ́ pa á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ara ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Omi ṣàn gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́.

“Bàbá Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní. “Ẹ gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ rẹ́ ẹ. Ká ní ilé oníbàárà ni, kí lẹ máa sọ fún wọn?”

Ó yọ òòlù níbàdí, ó fi gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sìmẹ́ǹtì náà bó wálẹ̀ lódindi. Lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ ti di ẹrẹ̀, òkúta kan sì yọ jáde láàárín rẹ̀ bí eyín tó ti mì. Gbogbo òjò tó ti ń gba abẹ́ òrùlé wọlé láti ọjọ́ yìí, inú ògiri ló wà, kò rí ibi gbà jáde. Ọkọ mi wo òkè. Mo rí i pé ó ti lóye ohun tí ń bọ̀, nítorí pé bíríkìlà ṣì ni. Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ kejì wọ́ mi, a sì bọ́ sínú òjò.

A ò tíì dé àtíbàbà Ìyá Ewúrẹ́ tí ògiri ẹ̀yìn fi wó. Òrùlé tẹ̀ lé e, ó fa ti ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀. Mi ò wo ẹ̀yìn. Mo jókòó sáàárín àwọn ewúrẹ́, mo gbé Ọ̀gá jókòó, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà mi, mo ń bá a mí. Ìyá Ewúrẹ́ da aṣọ gbígbẹ bò wá, kò sì sọ nǹkan kan nípa imú. Kì í ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni èémí rẹ̀ padà. Ó pẹ́ gan-an. Ó pẹ́ débi pé mo ti ń bá Ọlọ́run dúnàádúrà, mo ń sọ pé kó mú ilé, kó mú èmi náà. Lẹ́yìn náà súfèé inú àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ sì padà sí i létè.

Ọkọ mi dúró sínú òjò pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó ń wo ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá kúnlẹ̀ níwájú wa. Ojú rẹ̀ ń lọ láti òpó dé òpó, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ọ̀gá rí i. Ó na ìka sí i lójú.

“Bàbá mi,” ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹyẹ lọ, “ẹ má rẹ́ ibí o.”